Ẹkùn Kì í Ṣe Ẹran Ọ̀sìn Ààfin

Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n de ẹkùn tàbí kìnnìún mọ́ ààfin Pobẹ̀ tàbí ti Sakẹ́tẹ́ láti fi bu ọlá fún ọba, àṣà kọ́ ni ó ń gbé lárugẹ. Láyé àtijọ́, ọdẹ tí ó bá pa ẹkùn a bo ojú rẹ̀, a sì gbé e lọ sí ààfin, nítorí ọba ni ó ni awọ rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni iyì ẹkùn. Èyí tí ọmọdé ń sọ lókò nínú àhámọ́ kò níyì mọ́.

Ewu rẹ̀ kò fara sin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìjọba Èkó gba kìnnìún ọmọ ọdún 2 nínú ilé kan ní Victoria Island, nítòsí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kìnnìún pa olùtọ́jú tí ó ti ń bọ́ ọ láti kékeré. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni olóògbé náà. Kí ni ti onílé lásán? Ta ni yóò sì máa ra ẹran kílò 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, fún ohun tí ó lè ju ọdún 15 lọ?

Igbó ni ilé wọn, bí irú ti Pendjari ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí ó lówó àhámọ́, kí ó fi dáàbò bo igbó tí ó kù ní Pobẹ̀, kí ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì. Ẹnu onírárà ni ẹkùn ọba ń gbé, kì í gbé inú ṣéènì.