Epo Kọ́ Ni Dídán: Ìwé-Pẹlẹbẹ fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Dúdú ní Adó-Èkìtì

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn afọkọ̀ ní Adó-Èkìtì, láti Ajílósùn dé Baṣírì àti lẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, pé ohun tí a bá fi pa ara ọkọ̀ dúdú ló ń fún un ní dídán, àti pé bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ń ṣá, kẹrosíìnì, dísẹ̀lì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì díẹ̀, tí a fi àkísà pa á lẹ́yìn tí a bá ti fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́ tán, ni oògùn rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń pè ní oògùn yìí wà lára ohun tó ń sọ ọkọ̀ dúdú di ògbó kí ọjọ́ ogbó rẹ̀ tó dé.

Ọ̀dà ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Lórí irin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tẹ́ ìpele tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, wọn a tẹ́ ọ̀dà ìpìlẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọ̀ dúdú, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dán bí a bá dá a fi sílẹ̀. Lókè gbogbo wọn ni klíà wà, èyí tí í ṣe ọ̀dà tó mọ́ gaara tí kò ní àwọ̀ kankan. Nínípọn klíà yìí kò sábà ju nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 40 sí 50 lọ, máíkírọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan, èyí tó túmọ̀ sí pé klíà kò nípọn tó ewé ìwé kan. Ìtẹ́jú ojú klíà yìí gan-an ni dídán. Bí omi odò bá tòrò, ojú ọ̀run a hàn nínú rẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá rú u, àwòrán náà a fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lórí klíà tó tẹ́jú àti èyí tí wọ́n ti họ.

Ọkọ̀ funfun náà ń gba ojú họ́họ́, ìyẹn ìlà tí ohun tó họ klíà ń fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà láti ibi gbogbo, kò sì jẹ́ kí ìlà tín-ín-rín hàn. Dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba tí etí ojú họ́họ́ kọ̀ọ̀kan bá ta padà ni ojú ń rí, pàápàá nínú oòrùn ọ̀sán.

Àwọn àgbà awakọ̀ tó kọ́kọ́ fi epo pa ọkọ̀ kò ṣìwà hù. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó, ọ̀dà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà kò sì ní klíà lórí. Bí oòrùn bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ a gbẹ, a sì máa yọ ẹfun sọ́wọ́. Bí epo bá kàn án, á mu ún, dúdú rẹ̀ á sì padà fún ọjọ́ díẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni klíà ti gbilẹ̀ lára ọkọ̀ káàkiri àgbáyé, ìmọ̀ràn tó sì bá ọkọ̀ bàbá mu kò bá tòkunbọ̀ tí ọmọ ń wà lónìí mu mọ́.

Kẹrosíìnì kì í wọ inú klíà bẹ́ẹ̀. Ó ń dúró sórí rẹ̀, ó ń dí àwọn ojú họ́họ́ fún ìgbà díẹ̀, ara ọkọ̀ a sì dà bí èyí tó tẹ́jú. Kí ọkọ̀ náà tó dé Ìyìn-Èkìtì, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí wọ́n bá sì tún nù ún, eruku ọ̀hún ló ń fá klíà. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn àti ti gíláàsì náà ń jìyà, nítorí epo ń mú un wú títí tí kò fi ní lè dí omi mọ́. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ti lò, ló burú jù, torí pé èérún irin àti èédú inú ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀.

Ní ti ọṣẹ oníyẹ̀fun, aṣọ ni wọ́n ṣe é fún. Kì í jẹ klíà run bí àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní àsọdùn, ṣùgbọ́n ó ń bó ìda tó ń dáàbò bo klíà kúrò, hóró rẹ̀ tí kò tíì yòrò sì lè họ ọ́. Ohun tó tilẹ̀ le ju ọṣẹ lọ ni iyanrìn tó wà nínú fóòmù. Ilẹ̀ olókùúta ni Èkìtì. Àpáta tó yọrí ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní àyíká Adó kún fún èérún kúọ́ọ̀sì, òkúta wẹ́wẹ́ tó le débi pé ó ń họ gíláàsì, ilẹ̀ wa sì kún fún un. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn a tún kó eruku mìíràn wá láti Sàhárà, pàápàá láti ìhà Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ẹni tó bá fi fóòmù tó fi fọ táyà fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tàbí tó fi àkísà gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ láàárọ̀ kó tó lọ sí ibi iṣẹ́, ń fi òkúta ha ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Ohun tó yẹ kò wọ́nwó. Kí omi púpọ̀ kọ́kọ́ ṣan iyanrìn lọ kí ọwọ́ tó kan ọkọ̀. Kí wọ́n lo ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀. Kí korobá omi ọṣẹ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń ṣan fóòmù. Kí ìfọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé wá sísàlẹ̀, kí táyà sì ní fóòmù tirẹ̀. Abẹ́ ibòòji ni kí wọ́n ti fọ̀ ọ́, nítorí ara ọkọ̀ dúdú ń gbóná kíákíá nínú oòrùn, omi kànga-ẹ̀rọ tó bá gbẹ sórí rẹ̀ a sì fi àmì funfun sílẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tó mọ́ ni kí wọ́n fi nù ún gbẹ, kí wọ́n sì fi ìda ọkọ̀ pa á ní oṣù mélòó kan síra wọn. Lára ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil, tí wọ́n ń pè ní carnauba, ni wọ́n ti ń rí ìda tó lókìkí jù fún iṣẹ́ yìí. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi máńgòrò kò gbọ́dọ̀ sùn lára ọkọ̀.

Ọkọ̀ tó ti ní ojú họ́họ́ ṣì ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà ní ààlà. Kọ́ḿpáùn tí àwọn pẹ́ńtà fi ń fá ọkọ̀ ń mú dídán padà ní tòótọ́, nítorí pé ó ń fá ojú klíà títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ ojú họ́họ́ dọ́gba. Ìyẹn ni pé máíkírọ́ọ̀nù díẹ̀ ń lọ ní gbogbo ìgbà, ẹni tó bá sì ń ṣe é ní gbogbo ọdún Kérésì ń ná ohun tí kò lè rà padà. Bí èékánná bá ń kọ́ nínú ojú họ́họ́ kan, ó ti jìn ju ohun tí ó yẹ kí kọ́ḿpáùn dé lọ. Ibi tí klíà bá sì ti bó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí òrùlé, kò sí ìda, kò sí epo, kò sí kọ́ḿpáùn tó lè dá a padà. Kí wọ́n tún ibẹ̀ kùn ló kù.