Ta Ni Yóò San Owó Ìkọ́ṣẹ́ Nọ́ọ̀sì?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìdóàní, ní ọjọ́ àwọn aláboyún. Ìyá kan tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ dùbúlẹ̀ fún àyẹ̀wò. Agbẹ̀bí àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì dúró tì í. Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé ikùn ìyá náà, ó mọ ibi tí orí ọmọ wà, ó sì di ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú, ó ní kí òun náà fọwọ́ kàn án kí ó lè mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún di ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá mìíràn ń dúró lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ẹ ó san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ọmọ náà yóò sì sin ọ̀gá títí di ọjọ́ fírídọ̀mù. Ṣùgbọ́n ti nọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ ń sanwó fún. Ẹni tó di ọmọ yín lọ́wọ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lè má gba kọ́bọ̀ lé owó oṣù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tó lè kọ́ ọwọ́ ní ohun tí ọwọ́ kò tíì kàn rí.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń fi owó orí dúpẹ́ lọ́wọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Georgia ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 2014. Dókítà tó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìgbowó, wákàtí 160 nígbà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta lọ́dún, wọn yóò yọ 1,000 dọ́là fún ìgbà kọ̀ọ̀kan kúrò nínú owó tó wọlé fún un, kí wọ́n tó ṣírò owó orí lé ìyókù. Èrè ibẹ̀ kò pọ̀, nítorí kì í ṣe owó orí fúnra rẹ̀ ni wọ́n dín. Nítorí náà, ní 2019, wọ́n tún òfin náà ṣe. Wọ́n wá ń yọ ọ́ kúrò nínú owó orí gan-an: 500 dọ́là fún dókítà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tí òfin àkọ́kọ́ gbàgbé náà sì ń rí 375 dọ́là. Maryland ṣe tirẹ̀ ní 2016 fún ẹni tó bá kọ́ni ní agbègbè tí oníṣègùn kò pọ̀ tó. Hawaii tẹ̀ lé wọn ní 2018.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Ó yọ owó ìfẹ̀yìntì, owó ìdójútòfò ìlera àti apá kan owó ilé, tí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ, kúrò nínú ohun tí a ó ṣírò owó orí lé. Kò yọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àkúrẹ́ ló ń gba owó orí òṣìṣẹ́ Ìdóàní, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀. Ọ̀dọ̀ aṣojú wa ní Àbújá ni ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó kọ́kọ́ dé.

N kò sọ pé ó wo gbogbo àrùn o. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún ẹnikẹ́ni kò ní owó orí lórí mọ́, nítorí náà ẹni tí owó rẹ̀ kéré kò ní jèrè púpọ̀. Irú wọn, owó àjẹmọ́nú díẹ̀ lé owó oṣù ni yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Ó sì yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí iye wákàtí tí olúkúlùkù fi kọ́ni, kí èrú má baà wọ̀ ọ́.

Púpọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ kí obìnrin ẹlẹgbẹ́ wa tọ́jú wa nígbà oyún. A kò lè rí wọn bí ẹnì kan kò bá kọ́ wọn. Nítorí náà, bí agbẹ̀bí bá bi yín bóyá kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró ti òun, ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkàn yín bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ́ṣẹ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ìjọba náà kò dàgbà ju ọpẹ́ lọ.