Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà Gbọ́dọ̀ Kọjá Lẹ́tà Títẹ̀

Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò àṣewọlé yunifásítì sórí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wa, bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ, bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà, bí a ṣe ń pa ẹ̀rọ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà mọ. Ọmọ á jáde ìwé mẹ́wàá, kò ní mọ̀ pé Word yàtọ̀ sí Windows. Àìmọ̀ yìí ń gbọ́n owó lọ lápò wa.

Sọ́fítíwíà ni àkójọ àṣẹ tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn ni èyí tó ń darí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: Windows, Linux, tàbí Android inú fóònù. Òun ló ń pín agbára ẹ̀rọ, òun ló sì ń tọ́jú fáìlì. Word, Excel àti WhatsApp, tí a fi ń ṣiṣẹ́ wa, ayálégbé ni wọ́n. Windows tàbí Android ni onílé. Díráífà tún wà, sọ́fítíwíà kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè pírínta tàbí kámẹ́rà. Kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Ọjọ́ náà ni wọ́n ń rẹ́ni jẹ. Pírínta kọ̀, kò tẹ̀wé. Ẹni tí kò mọ díráífà á lọ ra pírínta tuntun. Word kọ̀, kò ṣí. Atúnṣe á ní àfi ká fọ́mátì gbogbo ẹ̀rọ, ìyẹn ká nu gbogbo ohun inú rẹ̀ nù, nígbà tí yíyọ Word nìkan kúrò ká sì tún un fi síbẹ̀ lè tó. Fọ́mátì yẹn lè pa èsì ìdánwò ọdún mélòó kan rẹ́ bí kò bá sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ti ìwé àṣẹ ńkọ́? Owó ni wọ́n fi ń gba àṣẹ lílo Windows àti Word. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀dà jíjí kò mọ fáírọ́ọ̀sì tí ẹni tó jí i ti fi sínú rẹ̀. Ní October 14, 2025, Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gba Windows 11. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní 1991, ọ̀fẹ́ ni. LibreOffice, ayálégbé bíi Word, náà ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣí fáìlì Word. Ilé ẹ̀kọ́ lè fi wọ́n sórí iye ẹ̀rọ tó bá wù ú, kò rú òfin kankan.

Àwọn kan á ní Windows ni ọ́fíìsì ń lò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti mọ onílé yàtọ̀ sí ayálégbé, èyíkéyìí tó bá bá pàdé kò ní ṣòro fún un. Ìdánwò JAMB gan-an kò béèrè pé kí ọmọ mọ Windows: bọ́tìnì 8 péré ti tó láti fi ṣe é.

Nítorí náà, kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ya sáà àkọ́kọ́ ní JSS1 sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ sọ́fítíwíà kan kúrò, kó tún un fi síbẹ̀, kó sì ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sórí fláàṣì. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀: sọ́fítíwíà wo ló wà lórí ẹ̀rọ àwọn ọmọ wa, ta ló fi síbẹ̀, àṣẹ rẹ̀ dà?