Ọkọ̀ Àfọwọ́ṣe: Ẹ Jẹ́ Ká Bèèrè Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ká Tó Pàtẹ́wọ́

Kò sí ọdún tí a kì í rí fọ́nrán ọ̀dọ́ kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn. Irin àlòkù ni ara ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ló ń gbé e rìn, ọ̀dà pupa sì ń dán lára rẹ̀. Àwọn aládùúgbò á pé jọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́, olóṣèlú kan á sì ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìbéèrè tí a máa ń bi ọ̀dọ́ náà kì í ju mẹ́ta lọ: ẹ́ńjìnnì wo ló wà níbẹ̀? Báwo ló ṣe ń sáré tó? Èló lo ná? Èmi fẹ́ kí a fi ẹ̀kẹrin kún un, kí ó sì ṣáájú àwọn mẹ́ta yòókù: ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo ń sọ: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kù, àwọn apá irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, búṣìn, àti bóòtì tó di gbogbo wọn mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ á dúró. Bí apá kan bá já lórí eré, ọkọ̀ kò ní dúró. Ibi tó bá wù ú ni yóò gbà, ó sì lè jẹ́ ìdí ìsọ̀ alákàrà ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà fara mọ́ ewu rẹ̀. Alákàrà kò fara mọ́ nǹkan kan.

Ní ọdún 2014, ìròyìn Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tàn ká ayé. Ó sọ Volkswagen Beetle, ọkọ̀ ìjàpá tí àwọn òbí wa mọ̀ dáadáa, di ọkọ̀ tó ń lo agbára oòrùn àti afẹ́fẹ́. Àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa páńẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ àti owó tó ná, èyí tí kò tó 6,000 dọ́là. Ohun tó jọ mí lójú jù ni èyí tí wọ́n kàn mẹ́nu bà: ó fi ẹsẹ̀ tó lágbára sí ọkọ̀ náà kí ó lè gbé ìwúwo bátìrì. Ó yé e pé ẹni tó bá yí ẹrù ọkọ̀ padà gbọ́dọ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà padà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn páàtì tó ṣeé yí sókè sódò ti wọlé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti mọ ìwúwo ọkọ̀ rẹ̀ kó tó ṣe sípíríǹgì fún un. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ nílé kì í mọ̀ ọ́n títí iṣẹ́ á fi parí, nítorí náà ó nílò ohun tó ṣeé tún ṣe. Èmi kò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé yí ni ó ṣeé tú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra irú páàtì bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe lè ga sókè tó tàbí bó ṣe lè lọ sílẹ̀ tó. Ẹ bèèrè ohun tó ń tì í pa, kí ẹ sì bèèrè ohun tí yóò ṣì di táyà mú bí ó bá já.

Ọkọ̀ ìjàpá yẹn fúnra rẹ̀ lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní sípíríǹgì tó ká. Ọ̀pá irin tó ń lọ́ ló ń gbé e. Eyín 40 ló wà ní orí kan ọ̀pá náà, 44 sì wà ní orí kejì. Bí mẹkáníìkì bá yí eyín kan sí ìhà kan níbí, tó sì yí eyín kan sí ìhà kejì lọ́hùn-ún, ìyàtọ̀ tí yóò wà níbẹ̀ kò tó dìgírì 1. Ó ṣeé yí dáadáa, síbẹ̀ ohun tó ń di gíga náà mú kì í ṣe nọ́ọ̀tì. Eyín inú eyín ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra páàtì, kó wọn ọkọ̀ rẹ̀. Òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akóyanrìn lè ṣiṣẹ́ náà: ẹ gbé táyà iwájú nìkan lé e, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn nìkan. Ká ní ẹrù tó dé orí ẹsẹ̀ kan jẹ́ 220 kílò. Sípíríǹgì tó nílò kílò 4 kó tó sún mìlímítà 1 yóò sún mìlímítà 55, bí ó bá dúró tààrà lórí táyà. Bí ẹ bá wá gbé sípíríǹgì yẹn kan náà sí àárín apá, tó wà ní ìdajì ọ̀nà sí táyà, ẹrù tó máa gbé di 440 kílò, yóò sún mìlímítà 110, táyà yóò sì gòkè ní mìlímítà 220. Ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀ pátápátá. Kò sí nọ́ọ̀tì tí a lè yí tó máa wo àṣìṣe ìṣirò yìí sàn. Ṣọ́ọ̀kù náà kò lè gbà á; iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá ìfòsókè-fòsódò dúró, kì í gbé ẹrù.

Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù ni coilover: ṣọ́ọ̀kù tí sípíríǹgì wé mọ́, tó ní tírẹ́ẹ̀dì lára tí a fi ń yí gíga rẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè títí táyà á fi rọ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ mi sípíríǹgì náà. Bí ó bá ń mì nínú ìjókòó rẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fò lórí gálọ́ọ̀pù, ó lè wọ́ nígbà tó bá padà sílẹ̀. Èyí tí a ń yí gíga rẹ̀ láti ìdí, tí kò fi sípíríǹgì ṣeré, dára jù, bí a kò bá ti tú u kọjá ààlà tí ilé iṣẹ́ fi sí i.

Rod end, irin tó ní bọ́ọ̀lù lórí àti tírẹ́ẹ̀dì nídìí, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó lágbára bí a bá ń fà á tàbí tì í. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí a ń tẹ ọrun, ìdí tírẹ́ẹ̀dì ni yóò ti já. Ìka tó tọ́ símú là á fi í romú: a kì í fi í sí apá ìsàlẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì lulẹ̀. Níbi tó bá yẹ ẹ́, kí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọlé tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìbú rẹ̀, ó kéré tán. Kí nọ́ọ̀tì ìtìpa wà níbẹ̀. Kí irin di bóòtì rẹ̀ mú ní ìhà méjèèjì, kí wáṣà tó fẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí apá má bàa jáde bí bọ́ọ̀lù bá yọ. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní rọ́bà tó bò wọ́n. Eruku ọyẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ pupa ọ̀nà wa yóò jẹ ẹ́ kíákíá.

Bóòtì tí wọ́n kọ 8.8 tàbí 10.9 sí lórí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí kò ní nọ́ńbà. Nọ́ọ̀tì tó ní ọ̀rá nínú, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń lò ó. Sípíríǹgì tí wọ́n fi gáàsì gé tàbí yọ́ kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀, iná ti ba líle irin rẹ̀ jẹ́. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ jù lọ kò lè dá a padà.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀: ọ̀rọ̀ olówó nìyí, àwa ń ṣe é pẹ̀lú ohun tó wà. Lójú tèmi, ọ̀nà tó dáa jù kì í ṣe ti olówó. Ẹ ra odidi ẹsẹ̀ ọkọ̀ tokunbọ̀ kan tí ìwúwo rẹ̀ jọ ti yín, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kí ẹ má gé e, kí ẹ má jó nǹkan mọ́ ọn. Ẹ fi búṣìn àti ṣọ́ọ̀kù tuntun sí i. Sípíríǹgì nìkan ni kí ẹ yí. Àwọn onímọ̀ tó ya ẹsẹ̀ yẹn ti dán an wò ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dán an wò lẹ́yìnkùlé lọ. Kò ní dán lójú fọ́nrán bíi coilover aláwọ̀ wúrà, ìyẹn nìkan ni àbùkù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ni ẹjọ́ yìí kàn. Ní Bìrìtéènì, ẹni tó bá ṣe ọkọ̀ nílé ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní IVA, níbi tí olùyẹ̀wò ti ń wo ẹsẹ̀, bíréèkì àti ìdarí rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó àti ti Benin tí wọ́n ti kópa nínú ìdíje Shell Eco-marathon mọ̀ pé ọkọ̀ kì í wọ ojú eré níbẹ̀ láìyege àyẹ̀wò. Kí ló dé tí ọmọ Suame Magazine ní Kumasi tàbí ti Nnewi kò fi ní irú ibi bẹ́ẹ̀ nítòsí, tí a ó ti wọn ọkọ̀ rẹ̀, tí a ó mì í, tí a ó sì sọ fún un láìfi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóòtì báyìí kò tó? Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì wa lè ṣe é. NADDC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣíṣe ní Nàìjíríà, lè kọ ìlànà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ FRSC tó bá rí ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà á mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Bí fọ́nrán tó ń bọ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ kọ ìbéèrè kan sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kí ọmọ náà kú iṣẹ́: ta ló ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ wò?