Ẹ Sọ Òótọ́ fún Dókítà, Kí Ẹni Tó Gbọ́ Ọ Náà Pa Ẹnu Mọ́

Ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn ènìyàn ń fún ara wọn níbi iṣẹ́ àti lọ́jà: "Má sọ fún dókítà pé ò ń lo dexa o. Tó bá fi kọ ọ́ sínú ìwé, assurance ò ní sanwó, gbogbo ọ́fíìsì á sì gbọ́." Irọ́ pọ̀ nínú ìmọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ yẹn ló ń mú kí ènìyàn gbà á, òun náà ló sì lè pa á.

Dexaméthasone ni à ń pè ní dexa, hóró kékeré tí wọ́n ń rà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìdí lè kún. Clobétasol ni ìbátan rẹ̀, ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń bóra. Ẹbí kan náà ni wọ́n, corticoïde ni dókítà ń pè wọ́n. Oògùn gidi ni wọ́n. Wọ́n ń gba ẹ̀mí ẹni tí ikọ́ fée fẹ́ pa. Ní 2017 àwọn agbófinró kó oògùn tí wọ́n ń tà ní Adjégounlè, ní ọjà Dantokpa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá dexa ṣì ń rí i rà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣe nínú ara. Ẹṣẹ́ kékeré méjì wà lórí kíndìnrín wa, wọ́n ń ṣe cortisol, èyí tí ara fi ń dúró nígbà ìṣòro. Bí ènìyàn bá ń gbé dexa mì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tó ń fi ìpara líle pa gbogbo ara fún oṣù púpọ̀, àwọn ẹṣẹ́ náà á sùn lọ. Lọ́jọ́ tí àìsàn ńlá dé, tàbí jàǹbá ọ̀nà, tàbí iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ara á ké pè wọ́n, wọn ò ní dáhùn. Ìfúnpá á já wálẹ̀, ẹ̀mí sì lè bọ́. Dókítà tó bá mọ̀ ṣáájú á fún un ní abẹ́rẹ́ hydrocortisone. Èyí tí kò mọ̀ á máa wá ìdí rẹ̀ kiri. Oògùn yìí kan náà lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, kí wọ́n máa wo àtọ̀gbẹ láìmọ ohun tó fà á. Ó lè sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ojú ọgbẹ́ tí wọ́n rán kò ní tètè jiná.

Lọ́dọ̀ babaláwo, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ la ń bá owó sọ̀rọ̀. Babaláwo kò gbọ́, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ń dáhùn. Dókítà kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń ṣe kò sì ní sọ fún un pé o ń bóra. Ohun tí o bá fi ẹnu rẹ sọ ló mọ̀.

Assurance ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ìwé àdéhùn bá bi ọ́ léèrè nípa ìlera rẹ, má purọ́. Òfin CIMA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń tẹ̀lé, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ níbẹ̀ lè pàdánù àdéhùn náà pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá dókítà sọ nínú yàrá rẹ̀ kì í ṣe ẹrù ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe ti akọ̀wé tó ń gba ìwé owó.

Ibí ni mo ti ń bínú. Ta ló kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi àìsàn pamọ́? Nọ́ọ̀sì tó ń pariwo orúkọ àìsàn lójú gbogbo ẹni tó tò ni. Carnet tí wọ́n ṣí kalẹ̀ lórí tábìlì ni. Ìwé oògùn tó ń gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin kọjá ní ọ́fíìsì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ assurance ni. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àwọn tó la ògiri yìí ló yẹ ká bá wí, kì í ṣe obìnrin tí ẹ̀rù ń bà nìkan.

Àwọn kan á ní, "Ẹni tó bóra, kó jìyà ìtìjú rẹ̀." Ṣé ìtìjú ń wo àìsàn sàn? Dókítà tó bá bú aláìsàn lónìí ti kọ́ ọ láti purọ́ lọ́la, àti aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká bá bíbóra jà lójú pópó àti ní ilé ẹ̀kọ́. Ibi tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí kì í ṣe ojú ìjà yẹn.

Àṣírí aláìsàn kì í ṣe àánú tí wọ́n ń ṣe wá. Òfin ìjìyà ọ̀daràn Bẹ̀nẹ̀ ti 2018 ní ìyà fún oníṣẹ́ ìlera tó bá tú u. Code du numérique, òfin 2017-20, dáàbò bo ìròyìn ìlera ènìyàn, APDP ló sì ń bójú tó o. Tógò náà ní òfin tirẹ̀ láti 2019. Ní báyìí tí ARCH wà ní Bẹ̀nẹ̀, tí AMU sì bẹ̀rẹ̀ ní Tógò ní 2024, ìwé wa á túbọ̀ máa gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Àkókò nìyí láti sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá dókítà. Kí ìwé ìlera máa wà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kó jẹ́ pé dókítà assurance nìkan ni á máa ṣí i. Kí ọ̀gá iṣẹ́ rí iye owó, kó má rí orúkọ oògùn.

Àwa náà, ẹ jẹ́ ká sọ orúkọ hóró àti ìpara tí à ń lò, kódà ká gbé ike rẹ̀ dání lọ. Ẹni tó sì ti ń lò ó pẹ́, kó má dá a dúró lójijì láìbéèrè, nítorí ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bá mi pín ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa lọ́jà, kó sì dé etí àwọn nọ́ọ̀sì wa.