Ta Ni Yóò Gbẹnu Ọmọ Sọ ní Kóòtù?

Òwe méjì ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí.

Èkíní ni pé ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Mo bèèrè: níbo ni igba ojú náà wà ní Ṣàngó-Ọ̀tà? Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà. Nígbà tí agboolé ṣì jẹ́ agboolé, bí ìyá ọmọ bá kú, tàbí bí bàbá bá ń na ọmọ kọjá ààlà, baálé àti ìyáálé yóò dá sí i. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti fa èèyàn wá láti ibi gbogbo. Bàbá wà ní ṣífíìtì alẹ́, ìyá wà lọ́jà, ará yàrá kejì kò mọ orúkọ ọmọ. Bí wàhálà bá dé, àjèjì ni yóò gbé ọmọ náà: ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, alágbàtọ́. Ẹ̀yìn náà ni kóòtù.

Òwe kejì ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òun ni wọ́n fi ń pa mí lẹ́nu mọ́ bí mo bá ní kí á lọ dúró ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́. N kò gbà. Àgbà tó ń bá àgbà ṣẹjọ́ ni òwe náà ń bá wí. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹjọ́ lé.

Òfin kúkú ti la ọ̀nà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà ti ọdún 2003 dá kóòtù ìdílé sílẹ̀. Ó fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò láìsan owó, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí kóòtù lè yàn láti dúró fún ọmọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tirẹ̀ ní 2006. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn lọ wo ọmọ nílé alágbàtọ́.

Àwọn kan ní iṣẹ́ lọ́yà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, adájọ́ David Soukup bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ní 1977, nítorí ohun tó mọ̀ nípa àwọn ọmọ tó ń dá ẹjọ́ wọn kò tó. Wọn kì í ṣe lọ́yà. Wọ́n ń bẹ ọmọ wò, wọ́n ń bá olùkọ́ àti alágbàtọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí fún adájọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí, àwa tí a ní a fẹ́ràn èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé kóòtù. Bí ọmọ Yorùbá bá ní “ẹ̀gbọ́n mi,” ó lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọmọ onílé tó kàn jù ú lọ́jọ́ orí. “Mọ́mì” lè jẹ́ ẹni tó bí i, ó lè jẹ́ ẹni tó ń rán an kiri ọjà. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ sílẹ̀ láìbéèrè, wọ́n lè fa ọmọ lé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọ bá sì wolẹ̀ nígbà tí àgbà ń bi í léèrè, ẹni tí kò mọ àṣà yóò ní ó ń purọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ilé ni. Ta ni yóò la èyí yé adájọ́, bí kò bá ṣe ẹni tó ti jókòó ti ọmọ náà lọ́pọ̀ ìgbà?

Iṣẹ́ àṣírí ni o. Ẹni tó fẹ́ máa gbé àwòrán ọmọ kiri, kí ó jókòó sílé rẹ̀.

Kí ìjọba Ògùn ṣètò rẹ̀, kí wọ́n kọ́ wa, kí wọ́n yẹ ìwà wa wò. Kí àwa náà forúkọ sílẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn ni. Ẹjọ́ tí a kò ti gbọ́ tẹnu ọmọ, kí ni a ó pè é?