Aṣọ Pọ̀ Lọ́wọ́ Ọmọdé, Àkísà Ńkọ́?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún? Ohun tí owó ń rà wà, ohun tí ọjọ́ pípẹ́ nìkan ń fúnni náà sì wà. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó ti ń ta mí lára.

Níbi ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún tí a ṣe fún ìyá wa kan láìpẹ́ yìí, àbúrò kan gba máìkì, ó ní òun ti kọ orin fún Màmá. Àbúrò yìí kò mọ dùùrù tẹ̀, kò lu agogo rí. Ó tẹ orúkọ Màmá, ìlú wọn àti "jùjú" sórí fóònù, ó ní kí ẹ̀rọ fi ṣe orin. Kó tó mu ẹlẹ́rìndòdò ọwọ́ rẹ̀ tán, orin ti jáde. Gìtá ń dún, ohùn obìnrin kan ń gbé e, àwọn èèyàn ń jó. Nígbà tó kan oríkì, ẹ̀rọ pe Àbẹ̀kẹ́ tí Màmá ń jẹ́, ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Màmá yíjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n: "Ta ni wọ́n ń pè?" Ọmọ Oníkòyí ni Màmá, ìran jagunjagun, ṣùgbọ́n ìjàkadì, tí í ṣe ti àwọn ará Ọ̀fà, ni ẹ̀rọ fi ń yìn wọ́n. Mo pe àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rín ló ń rín: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ ọ́ o!"

Kò kọ ọ́. Ó rán ẹ̀rọ níṣẹ́ ni. Onídùndún tó bá dé irú òde bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ bèèrè ọmọ ta ni, agboolé wo ni. Láti kékeré ni ọmọ Àyàn ti ń gbé kọ̀ǹgọ́. Ó ti ṣi oríkì kì rí, wọ́n ti bú u, wọ́n ti fi owó dù ú. Àkísà rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lówó onílù, pé ẹ̀rọ ló gba tálákà sílẹ̀. Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó kí ọmọ tó kọrin fún ìyá rẹ̀? Ẹnu ò gbowó.

Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ọmọdé nìkan ló ń ṣe àbúrò, ọjọ́ á wò ó sàn. Òwe mìíràn ló gbá ọ̀rọ̀ náà mú: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Wọ́n ní orin tìẹ gan-an ni ẹ̀rọ ń ṣe fún ọ. Tìẹ báwo? Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Universal, Sony àti Warner pe Suno àti Udio, méjì nínú àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà pé orin olórin ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ láìgbàṣẹ. Nígbà tí Suno fèsì nílé ẹjọ́, kò sẹ́ pé orin tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun lò; ó ní òfin gbà á láàyè. Àkísà àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n gán pọ̀ tí wọ́n ń pè ní aṣọ tuntun.

Síbẹ̀síbẹ̀, n kò ní kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ orin má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. FL Studio, tí a mọ̀ sí Fruity Loops tẹ́lẹ̀, ti wà láti 1997. Ilẹ̀ Belgium ló ti wá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkó tí kò mọ nóòtì kankan ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíìtì. Àpótí kéékèèké mẹ́rìndínlógún ló tò sójú ìlù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ìwọ lo máa tẹ ibi tí ìlù á ti dún, ìwọ lo máa gbọ́ pé kò dùn, ìwọ náà lo máa pa á rẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan ti ń ní àkísà, aṣọ tó bá sì rán á bá a lára mu.

Àbúrò, máa lo ẹ̀rọ rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà ilé, kí wọ́n kọ́ ọ ní oríkì. Fi ẹnu ara rẹ kì í sínú fóònù, kí ẹ̀rọ máa lùlù tẹ̀ lé ọ. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún ọ, fowó fún onílù, kí o má sì sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé o kọrin.